Ta Ló Yẹ Kó Ṣàlàyé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Òmìnira Ẹni àti Agbára Ìjọba ní Nàìjíríà

Àwọn ọlọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òbí ló máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí níbi tí a ti ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Èrò kan ló so gbogbo ìdáhùn wa pọ̀: kì í ṣe ọmọ ìlú ló yẹ kó máa ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kó wà lómìnira. Ẹni tó fẹ́ gba òmìnira náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, kó sì fi òfin tó gbà á láyè hàn.

Kí ni ìwé òfin sọ pé a ní?

Orí kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló kó o jọ, láti abala 33 dé 46. Ẹ̀tọ́ láti wà láàyè ló ṣíwájú. Iyì ọmọnìyàn ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá yín lóró tàbí kó sọ yín di ẹrú. Abala 35 jẹ́ ti òmìnira ara ẹni, 36 sì jẹ́ ti ìgbẹ́jọ́ tó tọ́. Lẹ́yìn náà ni àṣírí ẹni, ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọpọ̀, lílọ bíbọ̀ àti dúkìá.

Wọ́n máa ń béèrè pé ẹ̀kọ́ àti ìlera ńkọ́. Orí kejì ni wọ́n kọ ìyẹn sí, abala 6 sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí ohun tó wà ní orí kejì gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ó dùn wá. Ẹni tí kò rówó ra oògùn, òmìnira wo ló kù tó fẹ́ gbádùn? Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà lónìí nìyẹn.

Ṣé kì í ṣe òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí wá? Nílẹ̀ Yorùbá, ọba ló láṣẹ.

Ọba láṣẹ lóòótọ́, àmọ́ àṣẹ náà ní ìjánu. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ló ń yan Aláàfin, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí Aláàfin bá fi agbára ni ìlú lára, àwọn kan náà ló lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ síwájú rẹ̀, kí wọ́n sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́. Ọba tó bá rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn Ògbóni náà sì ń ṣọ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà jù ni ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà. Ipò tó yẹ kó fi máa dá ọba lẹ́kun ló fi di apàṣẹ fúnra rẹ̀. Láti 1754 ló ti di gbogbo agbára Ọ̀yọ́ mú, ọba lé ọba ló kú lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri bí ẹni pé ogún bàbá wọn ni. Aláàfin Abíọ́dún ló ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Títí dòní la ṣì ń sọ pé bí o láyà kí o ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ agbára gan-an nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

A ò ní purọ́ pé gbogbo ènìyàn ló wà lómìnira nígbà náà. Ẹrú wà, ìwọ̀fà wà. Àmọ́ pé kí alágbára máa jíhìn, a ti mọ̀ ọ́n kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀.

Ọlọ́pàá mú ọmọ mi. Kí ni òfin ní kí wọ́n ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe. Abala 35 ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, Yorùbá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó lè panu mọ́. Kò pọn dandan kó dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé dídákẹ́ dà bí ẹ̀rí ẹ̀bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 36 sọ pé aláìlẹ́bi ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi, olùpẹ̀jọ́ ló sì máa mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ kíákíá. Bí ilé ẹjọ́ tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ilé ẹjọ́ wo ló jìnnà tó kìlómítà 40? Nítorí náà, “òpin ọ̀sẹ̀ ni, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé” kì í ṣe òfin. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè. Nínú ìyẹn, òfin fàyè gba pé kí wọ́n dá ènìyàn dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fara balẹ̀ níbi sítétímẹ́ǹtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Ní téṣàn kan tí a bá ìyá aláta kan lọ, ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ń fi Yorùbá bi í léèrè, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Nígbà tó tẹ ìwé àti íńkì síwájú ìyá náà pé kó tẹ̀ka, a ní kó jọ̀wọ́ ka ohun tó kọ fún wa. Ohun tí ìyá sọ ni pé ọmọ òun wà ní ṣọ́ọ̀bù òun títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé kò mọ ibi tí ọmọ náà wà lọ́jọ́ yẹn. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, a ò lè sọ. Wọ́n tún un kọ kó tó tẹ̀ka. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti ní kí ògbufọ̀ wà fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fàyè gba lọ́yà tàbí ẹlòmíì tí afurasí bá yàn láti jókòó tì í. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ ni ìyẹn. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe irú rẹ̀ tiwọn.

Ọ̀fẹ́ ni béèlì, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Kí ló dé tí a fi ń sanwó?

Nítorí pé ẹ̀rù ń bà wá, àwọn kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kí a sanwó gba béèlì ní téṣàn. Onídùúró ni wọ́n lè béèrè, ìyẹn ẹni tó máa fọwọ́ sí i pé afurasí yóò padà wá. Òfin 2015 yẹn sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ obìnrin ní onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ìyá, ìyàwó, àbúrò lóbìnrin, gbogbo wọn ló tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní “ẹ lọ pe ọkùnrin wá”, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé òfin ti kọ ìyẹn.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò ní ráyè máa ka òfin fún ẹnikẹ́ni. A ò dá ẹnikẹ́ni tó sanwó lẹ́bi. Ẹni tó gbà á ló jẹ̀bi. Bí ẹ bá ní láti sanwó rárá, ẹ fi ránṣẹ́ sínú àkáǹtì, kí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Wọn kì í fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá mú ọkọ mi, wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá mú mi. Ṣé ó tọ́?

Kò tọ́. Abala 7 òfin 2015 kà á léèwọ̀ láti mú ẹnìkan dípò ẹlòmíì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n wá.

Mo jẹ gbèsè, ẹni tí mo jẹ sì mú ọlọ́pàá wá.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tí kò wọlé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Òfin 2015 sọ ọ́, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì tún un sọ. Ilé ẹjọ́ ni kí olówó lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé jìbìtì ni ẹ fi gba owó náà, tàbí ẹ kọ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí, ìyẹn ti di ọ̀ràn.

Ṣé ìjọba ò lè dín ẹ̀tọ́ wa kù rárá ni?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, a ò sì sọ pé kò yẹ. Abala 45 fàyè gba òfin tó bá dín àwọn ẹ̀tọ́ kan kù nítorí ààbò ìlú, àlàáfíà, ìwà ọmọlúàbí, ìlera gbogbo ènìyàn tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin, kì í ṣe ìkéde tí ẹnìkan ṣe lórí rédíò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bọ́gbọ́n mu ní orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìjọba àwa-ara-wa. Ìjọba ló máa fi ìdí èyí múlẹ̀.

Ẹ rántí kónílé-ó-gbélé ọdún 2020. Láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni wọ́n ti ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa fún ọjọ́ 14, kí wọ́n tó tún sún un síwájú. Àrùn ń ràn, ìjọba sì ní ìdí tó yè kooro láti ní kí a jókòó sílé. Àwa fúnra wa fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà kéde pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń fipá mú àṣẹ náà ṣẹ. Àrùn kòrónà fúnra rẹ̀ kò tíì pa tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà. Abala 45 tó fàyè gba títi ojú ọ̀nà pa kò fàyè gba yíyin ìbọn fún ẹni tó jáde lọ wá oúnjẹ. Ibi tí ìdí tó dára pin sí, ibẹ̀ náà ni agbára gbọ́dọ̀ pin sí.

Bí mi ò bá fẹ́ ìtọ́jú tó lè gba ẹ̀mí mi là ńkọ́? Ṣé ìjọba lè fi dandan mú mi?

Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dáhùn èyí ní 2001. Obìnrin ọmọ ọdún 29 kan bímọ tán, àìsàn dé, wọ́n ní ó nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni, ó kọ̀, ọkọ rẹ̀ náà kọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Dókítà tó gbà á tọ́jú ṣe ohun tó lè ṣe láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Obìnrin náà kú. Ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn dókítà dá dókítà náà lẹ́bi, wọ́n ní kó má ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ẹjọ́ dé òkè pátápátá, àwọn adájọ́ sọ pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀. Bó bá kọ ìtọ́jú nítorí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, dókítà kò gbọ́dọ̀ fipá ṣe é fún un.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Ní 1997, ìyá kan nílùú Èkó kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ jòjòló lára. Wọ́n gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n fà á, ọmọ náà sì yè. Ní 2019 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ parí ẹjọ́ náà: òbí lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ rúbọ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò lè fi ti ọmọ rúbọ. A fara mọ́ ìdájọ́ méjèèjì tọkàntọkàn, bí ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ ń fa omijé. Bí a bá gbà pé ìjọba lè dé inú iṣan ara ẹni láìgba àṣẹ, ibo ló kù tí kò lè dé?

Ṣé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọlọ́pàá kí a tó ṣe ìwọ́de?

Ní oṣù kẹsàn-án 2003, ọlọ́pàá tú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ká ní Kánò, wọ́n ní wọn ò gba ìwé àṣẹ. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dá ẹgbẹ́ náà láre ní 2005. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2007 pé òfin ìwé àṣẹ yẹn lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa. Òfin ọlọ́pàá 2020 wá ní bí ẹ bá fi tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n wá dáàbò bò yín. Nítorí náà, ẹ fi tó wọn létí. Kì í ṣe torí pé ẹ ń tọrọ, bí kò ṣe kí iṣẹ́ ààbò lè bọ́ sí wọn lọ́rùn.

Àti íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sórí fóònù wà lábẹ́ abala 39 gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ fẹnu sọ. Ìjọba ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022. Ní oṣù keje 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé kò bófin mu. Àmọ́ irọ́ tó bani lórúkọ jẹ́, tàbí ìhàlẹ̀ ikú, kò sí òmìnira tó bò ó.

Àwọn kan ní ìjọba ológun sàn, nǹkan máa ń yá lọ́wọ́ wọn.

Ó máa ń yá lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, àgàgà láti fi ẹ̀wọ̀n ṣẹ̀rù ba ènìyàn. Ọ̀dọ́ tí kò tíì bí nígbà náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi wá ní ìbéèrè yìí, ìdí nìyí tí a fi máa ń fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

Ní 1967, ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn gbé òfin kan jáde láti fi wádìí dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá Lakanmi àti ẹnì kejì rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi òfin ológun kan ti 1968 ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn. Lakanmi àti ẹnì kejì rẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ títí dé òkè. Ní 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá wọn láre: ìjọba kò lè jókòó sí ọ́fíìsì kó kọ òfin tó dárúkọ ènìyàn, kó sì fi òfin náà dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Kí ni ìjọba ológun ṣe? Wọ́n gbé òfin nọ́ńbà 28 ti ọdún náà jáde, wọ́n sọ ìdájọ́ náà di asán. Ohun tí àwọn adájọ́ rò jinlẹ̀, bébà kan ló pa á rẹ́.

Ní 1984, òfin nọ́ńbà 2 fún wọn láṣẹ láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Nọ́ńbà 4 ní tirẹ̀ dojú kọ àwọn akọ̀ròyìn. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian kọ ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n fi wọ́n jù sí, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tẹni tí kò tilẹ̀ gbẹ́jọ́ rárá ńkọ́?

Owó orí ńkọ́? Ṣé fífi ipá gba owó mi kọ́ nìyẹn?

Owó orí tọ́, bí ẹni tó ń san án bá ní ẹnu nínú bí wọ́n ṣe ń gbà á àti bí wọ́n ṣe ń ná an. Ìlú tí kò ní owó orí kò lè ní ilé ẹjọ́ tí a ń sọ yìí pàápàá. Ibi tó ti ń di ìnilára ni ibi tí ẹni tó ń san kò ti lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbá mọ èyí dáadáa. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣèjọba ìlú. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti di asanwó orí, ọkùnrin sì di ọdún 16. Bí wọn ò bá mọ ọjọ́ orí ọmọ, àwọn agbowó orí ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti fi wo àyà rẹ̀ bóyá ó ti dàgbà. Ọjà ni, ojú pópó ni, ìyá rẹ̀ ń wò ó. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de ní 1947. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì mú owó orí obìnrin kúrò. Ó padà lẹ́yìn náà, àmọ́ agbára rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà náà dìde ní 1968 sí 1969 nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ tí owó orí sì ń ga sí i. Ẹ̀mí púpọ̀ ló bá a lọ kí ìjọba tó dín in kù. Ìjọba tó bá tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ kò ní rí ìyẹn.

Bí ìjọba kò bá gbọ́ràn sí ilé ẹjọ́ lẹ́nu ńkọ́?

Ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ní 1985, ìjọba Èkó lé Òjúkwu jáde nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílé ẹjọ́. Ìjọba kan náà tún wá ń bẹ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pé kó dá àṣẹ tó gbè Òjúkwu dúró. Adájọ́ Kayode Eso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ fún wọn ní 1986: ẹni tó tẹ àṣẹ ilé ẹjọ́ lójú kò lè tún wá tọrọ ojúure lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé ológun ló ń ṣèjọba nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí.

Ìjọba alágbádá náà máa ń tẹ òfin lójú. Ní oṣù kìíní 1980, wọ́n gbé Shugaba Darman, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno, wọ́n lọ já a sí Chad, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tó ń tako ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Maiduguri, ó járe, wọ́n dá a padà, wọ́n sì ní kí ìjọba san owó gbà-má-bínú fún un.

Mi ò lówó lọ́yà. Báwo ni mo ṣe lè gba ẹ̀tọ́ mi?

Abala 46 ní kí ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lọ sílé ẹjọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀. Ìlànà ọdún 2009 ti mú un rọrùn: ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ lè bá yín pe ẹjọ́ náà bí ẹ bá wà ní àtìmọ́lé, kò sì sí iye ọdún tó máa kọjá tí wọn yóò ní ó ti pẹ́ jù. Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé wọ́n mú yín láìtọ́, abala 35 ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ béèrè àforíjì náà pẹ̀lú owó. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀.

Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ ń bá ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ dúró lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn agbẹjọ́rò ará ìlú tó ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ tún lè mú ẹ̀sùn lọ sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni ọjọ́, aago, orúkọ téṣàn, orúkọ tàbí nọ́ńbà tó wà láyà ọlọ́pàá, nọ́ńbà ọkọ̀, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó wà lóde.